Ojú Àgbà àti Àfojúsùn: Yíyan Awò Ojú fún Àgbàlagbà tí ó ń Fi Ìbọn Ìléwọ́ Díje

1.0 Ìfáàrà

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àfojúsùn ni ohun tí ènìyàn ń lépa. Ojú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹni tí ó ń lépa nǹkan kì í gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Nínú eré ìdárayá tí a ti ń fi ìbọn yin àmì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àkàwé mọ́: àfojúsùn ni páálí tàbí ẹ̀rọ tí ó ní òbìrí dúdú láàrin, tí ọta ìbọn gbọ́dọ̀ bà. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó máa ń ya ẹni tí kò mọ eré yìí lẹ́nu. Ẹni tí ó mọ ìbọn ìléwọ́ yìn kì í tẹjú mọ́ àfojúsùn. Irin kékeré tí ó wà lórí ẹnu ìbọn ni ó ń tẹjú mọ́, òbìrí dúdú yóò sì máa hàn bàìbàì lẹ́yìn irin náà.

Ní ìgbà èwe, èyí kì í ṣe ìṣòro. Ojú ọ̀dọ́ lè kúrò lára ohun tí ó jìnnà bọ́ sí ara èyí tí ó wà nítòsí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sókè, irin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, etí rẹ̀ kò ní í mú mọ́, ọta tí ó ti máa ń wọ àárín yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáko. Ó rọrùn fún ayìnbọn tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí láti gbà pé ọwọ́ òun ni ó ti di ọwọ́ àgbà, kí ó sì fi eré sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ kò ṣe ohun kankan. Awò tí ó wà lójú ni kò bá iṣẹ́ mu.

Kókó ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé yíyan awò fún eré yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí ojú ṣáà ti ríran dáadáa. Ọ̀rọ̀ yíyan ọ̀nà jíjìn kan ṣoṣo ni, nítorí pé ojú àgbà kò lè rí ọ̀nà jíjìn méjì kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ti mọ ọ̀nà jíjìn tí ó yẹ, ìṣirò kékeré kan àti àyẹ̀wò oníṣùúrù yóò fi awò tí ó tọ́ hàn.

1.1 Àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

‘Ìwò iwájú’ ni irin kékeré tí ó nà ró lórí ẹnu ìbọn. ‘Ìwò ẹ̀yìn’ ni irin tí ó ní àlàfo láàrin, tí ó wà lókè ọwọ́ tí ó di ìbọn mú. Iṣẹ́ ayìnbọn ni láti gbé ìwò iwájú sí àárín àlàfo ìwò ẹ̀yìn, kí àyè tí ó ṣẹ́kù ní ọ̀tún dọ́gba pẹ̀lú ti òsì, kí orí irin méjèèjì sì tẹ́ bákan náà. ‘Lẹ́ǹsì’ ni èyí tí Ọlọ́run dá sínú ẹyinjú. ‘Awò’ ni èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe. ‘Dáyọ́pítà’ ni òṣùwọ̀n agbára lẹ́ǹsì àti awò.

2.0 Ọjọ́ orí nìkan kò lé ènìyàn kúrò nínú eré yìí

Eré ìyìnbọn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn eré díẹ̀ tí àgbàlagbà ti lè bá ọ̀dọ́ díje ní ìpele tí ó ga jù lọ. Oscar Swahn, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, gba wúrà ní Òlíḿpíìkì ti Stockholm ní 1912 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 64. Ó tún gba fàdákà ní Antwerp ní 1920, ó sì ti pé ọdún 72 nígbà náà. Afanasijs Kuzmins, ọmọ Latvia, tí ó gba wúrà ìbọn ìléwọ́ ayára-yìn ní Seoul ní 1988, ṣì wà lára àwọn tí ó díje ní London ní 2012 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 65. Òlíḿpíìkì rẹ̀ kẹsàn-án ni. Nino Salukvadze, obìnrin ọmọ Georgia, gba wúrà ìbọn ìléwọ́ ní Seoul ní 1988 kan náà. Ní Paris ní 2024, ẹni ọdún 55 ni, ó sì ti kópa nínú Òlíḿpíìkì mẹ́wàá ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

Kì í ṣe pé ojú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò dàgbà. Kò sí ojú tí kì í dàgbà. Ohun tí ìtàn wọn fi hàn ni pé ìrírí, sùúrù àti ìdúróṣinṣin ara lè pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ju agbára ojú lọ. Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìbéèrè tí ó kù ni bí ojú kò ṣe ní í fi àkísà náà ṣòfò.

3.0 Ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe sí ojú

Lẹ́ǹsì ojú ọmọdé rọ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ wo ohun tí ó súnmọ́ ọn, iṣan kékeré tí ó yí lẹ́ǹsì ká yóò sún kì, lẹ́ǹsì yóò sì wú díẹ̀, agbára rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, ohun náà yóò sì hàn kedere. Láti ọdún dé ọdún, lẹ́ǹsì yìí ń le. Kò ní ọjọ́ kan tí ó le lójijì. Láti kékeré ni ó ti ń le bọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í mọ̀ títí yóò fi di pé ìwé tí ó mú lọ́wọ́ kò ṣeé kà mọ́ àfi bí ó bá nà án jìnnà sí ara.

Hofstetter, onímọ̀ nípa ojú, fi ìṣirò kan sílẹ̀ tí ó fi ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ hàn. A ó fi 0.3 sọ ọjọ́ orí di púpọ̀, a ó sì yọ èyí tí ó bá jáde kúrò nínú 18.5. Iye tí ó kù ni agbára tí lẹ́ǹsì lè fi kún ara rẹ̀, ní dáyọ́pítà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò yìí, ẹni ọdún 20 ní 12.5, ẹni ọdún 45 ní 5.0, ẹni ọdún 55 ní 2.0; ẹni ọdún 60 kò ní ju 0.5 lọ. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni èyí o. Ó lè lọ sókè tàbí sódò díẹ̀ lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Àwọn oníṣègùn ojú a máa gbà pé ìdajì agbára yìí ni ènìyàn lè lò fún ìgbà pípẹ́ láìsí pé ó rẹ ojú. Ìwé tí a mú ní sẹ̀ǹtímítà 40 ń fẹ́ dáyọ́pítà 2.5. Ìdajì agbára ẹni ọdún 45 gan-an nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní nǹkan bí ọjọ́ orí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá awò ìkàwé. Ìwò iwájú ìbọn ìléwọ́ jìnnà ju ìwé lọ. Bí apá bá nà tán, ó máa ń wà ní nǹkan bí mítà 1 sí ojú, ó sì ń fẹ́ dáyọ́pítà 1.0 péré. Ìdajì agbára ẹni ọdún 55 nìyẹn. Ìṣòro ìbọn máa ń tẹ̀lé ìṣòro ìwé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kì í sì í ṣe awò kan náà ni ó ń wo méjèèjì sàn.

Ohun méjì mìíràn tún wà. Àkọ́kọ́, ọmọlójú àgbà kì í fẹ̀ tó ti ọ̀dọ́. Èkejì, lẹ́ǹsì ń pọ́n bí oyin, ó sì ń dí ìmọ́lẹ̀. Nítorí ohun méjèèjì yìí, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni ọdún 60 kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni ọdún 20. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ tó fún ọ̀dọ́ lè ṣókùnkùn fún àgbà.

4.0 Ohun mẹ́ta níwájú ojú kan

Ìwò ẹ̀yìn, ìwò iwájú àti àfojúsùn wà ní ọ̀nà jíjìn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn, mítà 10 ni àfojúsùn fi jìnnà. Òbìrí dúdú rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 59.5, òbìrí 10 tí ó wà ní àárín sì fẹ̀ ní mílímítà 11.5. Ọta 60 ni ayìnbọn ní láti yìn láàrin wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Kí ni ó fà á tí ìwò iwájú fi gbọ́dọ̀ borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìdáhùn wà nínú irú àṣìṣe méjì tí ó lè ṣẹlẹ̀. Irú kìíní ni pé kí apá yẹ̀ lódindi, láìjẹ́ pé ìwò méjèèjì kúrò ní ìtò wọn. Bí ìbọn bá yẹ̀ báyìí ní mílímítà 1, ọta yóò yẹ̀ ní mílímítà 1 lórí àfojúsùn. Àṣìṣe yìí kò tó nǹkan. Irú kejì ni pé kí ìwò iwájú má ṣe wà ní àárín àlàfo ìwò ẹ̀yìn. Bí àlàfo tí ó wà láàrin ìwò méjèèjì bá jẹ́ mílímítà 320, tí ìwò iwájú sì yẹ̀ ní mílímítà 1 péré, àṣìṣe náà yóò máa fẹ̀ sí i bí ọta ti ń lọ, yóò sì di nǹkan bí mílímítà 31 nígbà tí ó bá dé mítà 10. Ìyẹn ni pé ọta tí ó yẹ kí ó wọ àárín 10 yóò lọ bà sí etí òbìrí dúdú.

Nítorí náà, ẹni tí ó rí òbìrí dúdú ketekete ṣùgbọ́n tí kò rí etí ìwò iwájú dáadáa ń ṣe àṣìṣe ńlá láìmọ̀. Ẹni tí ó rí ìwò iwájú dáadáa, tí òbìrí dúdú sì ṣú díẹ̀ fún un, kò pàdánù púpọ̀, nítorí pé òbìrí tí ó ṣú yí ká bákan náà ṣì ní àárín, ojú sì lè mọ àárín rẹ̀. Ìwò ẹ̀yìn náà lè ṣú díẹ̀. Ohun tí ojú ń wá níbẹ̀ ni pé kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba.

5.0 Ìṣirò agbára awò

Dáyọ́pítà rọrùn láti lóye. Bí a bá pín 1 sí iye mítà tí ohun kan fi jìnnà, iye dáyọ́pítà tí ohun náà ń fẹ́ ni yóò jáde. Ìwò iwájú tí ó wà ní mítà 1 ń fẹ́ 1.0, àfojúsùn tí ó wà ní mítà 10 ń fẹ́ 0.1. Àárín méjèèjì jẹ́ 0.55. Awò tí agbára rẹ̀ jẹ́ +0.50, tí a fi kún awò ọ̀nà jíjìn tí ojú ti ń lò tẹ́lẹ̀, yóò gbé ojú sí mítà 2, níbi tí ìwò iwájú àti àfojúsùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí i bákan náà ní ìwọ̀n dáyọ́pítà.

Ó ṣeé ṣe láti mọ bí nǹkan yóò ti ṣú tó. Bí ọmọlójú bá fẹ̀ ní mílímítà 3, àṣìṣe dáyọ́pítà 1 yóò mú kí etí ohun tí ó wà ní mítà 1 fẹ̀ ní mílímítà 3, yóò sì mú kí ti ohun tí ó wà ní mítà 10 fẹ̀ ní mílímítà 30. Bí a bá gbà pé lẹ́ǹsì ojú ti le pátápátá, ohun tí awò kọ̀ọ̀kan yóò ṣe nìyí:

(i) Awò ọ̀nà jíjìn láìsí àfikún: etí ìwò iwájú yóò ṣú ní mílímítà 3, ti àfojúsùn yóò ṣú ní mílímítà 3.
(ii) Àfikún +0.50: ìwò iwájú, mílímítà 1.5, àfojúsùn, mílímítà 12.
(iii) Àfikún +0.75: ìwò iwájú, mílímítà 0.75, àfojúsùn, mílímítà 19.5.
(iv) Àfikún +1.00: ìwò iwájú kò ní í ṣú rárá, àfojúsùn, mílímítà 27.
(v) Awò ìkàwé +2.50: ìwò iwájú, mílímítà 4.5, àfojúsùn, mílímítà 72.

Ẹni tí ó bá wo iye àkọ́kọ́ yìí lè rò pé awò ọ̀nà jíjìn dára, nítorí pé mílímítà 3 ni níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n mílímítà 3 lára irin tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí mílímítà 4 tàbí 5 lọ kò jọ mílímítà 3 lára òbìrí tí ó fẹ̀ ní 59.5. Irin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àárín (ii) àti (iii) ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ayìnbọn ti máa ń rí awò tí ó bá wọn mu.

A gbọ́dọ̀ fi àfikún yìí kún awò ọ̀nà jíjìn ti ẹni náà. Kì í dá dúró. Ẹni tí awò ọ̀nà jíjìn rẹ̀ jẹ́ +1.00 yóò lo +1.50. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ −2.00 yóò lo −1.50. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ −0.50 kò nílò agbára kankan. Ojú lásán ti wà níbi tí ó yẹ, ààbò nìkan ni yóò wọ awò fún. Bí iwájú ẹyinjú kò bá rí roboto bákan náà ní gbogbo ìhà, tí dókítà sì ti kọ agbára àti ìdàgẹ̀rẹ̀ tí yóò tún un ṣe, apá yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú awò ìbọn láìyí padà. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìwò iwájú lè mú ní ẹ̀gbẹ́ kí ó sì ṣú ní orí.

Fún ẹni tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì ní agbára díẹ̀, bí ẹni ọdún 50, àǹfààní awò yìí ni ìsinmi. Ojú rẹ̀ lè dé ibi ìwò iwájú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè rẹ ojú náà láti dúró síbẹ̀ fún ọta 60. Awò yóò gbé ìdajì ẹrù náà.

6.0 Àwọn awò tí ó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà

Awò ìkàwé ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọwọ́, nítorí pé ó ti wà nílé. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí (v) ti fi hàn, ó mú kí àfojúsùn ṣú ju bí òbìrí dúdú fúnra rẹ̀ ti fẹ̀ lọ, ó sì mú kí ìwò iwájú ṣú tó bí ó ti fẹ̀. Ìwé ni a ṣe é fún, kì í ṣe ìbọn.

Awò olójú méjì ní agbára ìkàwé ní ìsàlẹ̀ àti ti ọ̀nà jíjìn lókè. Kò sí ti mítà 1 nínú rẹ̀. Awò aláìlálà, tí agbára rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ní agbára mítà 1 ní ibì kan, ṣùgbọ́n ibi tóóró ni. Kí ojú tó lè gba ibẹ̀ wò, orí gbọ́dọ̀ gbé sókè, kí ó sì dúró gbọnin. Bí orí bá yẹ̀ díẹ̀ láàrin ọta kan àti èkejì, agbára awò ti yí padà nìyẹn, ayìnbọn kò sì ní í mọ ohun tí ó ṣe é. Awò ìbọn gbọ́dọ̀ jẹ́ olójú kan ṣoṣo.

Ìdúró awò náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ń yin ìbọn ìléwọ́ a máa fi ẹ̀gbẹ́ dúró, a sì máa yí orí sí apá tí ó nà. Nínú férémù lásán, etí awò ni yóò máa gbà wò, ìmọ́lẹ̀ yóò sì gba inú awò kọjá ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Awò tí a gbà wò báyìí kò ní agbára tí a kọ sí i mọ́. Nítorí èyí ni a ṣe ní férémù àwọn ayìnbọn, tí a lè yí òrùka awò rẹ̀ síwá sẹ́yìn títí awò yóò fi kọjú sí ìwò iwájú tààrà, tí ojú yóò sì máa gba àárín rẹ̀ wò. Òfin àjọ àgbáyé ISSF kò gba awò ìtúnraṣe lára ìbọn ìléwọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà kí ayìnbọn wọ̀ ọ́ sójú.

7.0 Ihò kékeré, ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀

Bí nǹkan yóò ti ṣú tó dúró lórí ohun méjì: àṣìṣe agbára, àti bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé ti fẹ̀ tó. Bí ihò bá dín sí ìdajì, ìṣú yóò dín sí ìdajì. Ìdí nìyí tí àwọn ayìnbọn fi máa ń fi abala tí ó ní ihò kékeré síwájú awò. Bí ihò náà bá jẹ́ mílímítà 1.5, àfikún +0.75 tí ó mú àfojúsùn ṣú ní mílímítà 19.5 yóò mú un ṣú ní ohun tí kò tó 10, ìwò iwájú yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú bí ẹni pé kò sí àṣìṣe.

Ṣùgbọ́n ihò kékeré kì í ṣe oògùn ọ̀fẹ́. Ihò tí ó dín sí ìdajì ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ àtijọ́, ojú àgbà sì ti wà nínú àìtó ìmọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ihò bá kéré ju nǹkan bí mílímítà 1 lọ, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò máa tàn ká ní etí rẹ̀, ohun gbogbo yóò sì tún ṣú. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá agbára awò tí ó tọ́ láìlo ihò. Lẹ́yìn náà ni a lè fi ihò ṣe àtúnṣe tí ó kù.

Awò aláwọ̀ ìyeyè lè mú kí dúdú yàtọ̀ sí funfun díẹ̀ sí i fún àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n kì í tún ọ̀nà jíjìn ṣe, ó sì ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀. Ní ti ojú kejì tí a kò fi wo ìbọn, kò dára kí a di í ní tipátipá, nítorí pé iṣan ojú tí a fi ń wò pẹ̀lú yóò fà. Kò sì dára kí a fi ohun dúdú bò ó, nítorí pé ọmọlójú méjèèjì máa ń fẹ̀ pọ̀, wọn a sì máa sún kì pọ̀. Ohun funfun tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá ni ó dára jù. Òfin ISSF kò gbà kí ìbòjú iwájú yìí fẹ̀ ju mílímítà 30 lọ.

8.0 Ìlànà àyẹ̀wò

Ìgbésẹ̀ kìíní ni àyẹ̀wò ojú tí ó péye lọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, láti mọ agbára ọ̀nà jíjìn ti ojú tí a fi ń wo ìbọn. Èkejì ni kí ayìnbọn dúró bí ẹni tí ó fẹ́ yìn, pẹ̀lú ìbọn tí kò ní ọta nínú, kí ẹlòmíràn sì wọn ọ̀nà jíjìn láti ojú dé ìwò iwájú. Kò pọn dandan, kò sì tọ́, kí ènìyàn gbé ìbọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀pá tí ó gùn tó ohun tí a wọ̀n, tí a lẹ irin dúdú tóóró mọ́ ní orí, yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta ni kí oníṣègùn fi awò ìdánwò kún agbára ọ̀nà jíjìn ní +0.25, +0.50, +0.75 àti +1.00, láti kékeré lọ sí ńlá. Ìbéèrè tí yóò bi ẹni náà kì í ṣe pé ‘Èwo ni ó dára jù?’ bí kò ṣe pé ‘Ní èwo ni etí irin ti kọ́kọ́ mú?’ Agbára tí ó kéré jù lọ tí ó mú kí etí irin mú ni kí a yàn. Ohun tí a bá fi kún un lẹ́yìn èyí, ara àfojúsùn ni a ó ti yọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin ni kí a gbé awò náà lọ sí pápá ìyìnbọn, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, nítorí pé ọmọlójú kì í rí bákan náà nínú yàrá oníṣègùn àti ní pápá. Kí a wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì tún wò ó lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 40, nígbà tí ó bá ti rẹ ojú. Awò tí ó dára ní ọta kìíní tí kò sì dára ní ọta 40 kéré ní agbára. Ìkarùn-ún ni kí a tún àyẹ̀wò ṣe lóòrèkóòrè, nítorí pé lẹ́ǹsì kì í dẹ́kun láti yí padà.

9.0 Àwọn ìbọn mìíràn

Ìlànà yìí kò bá gbogbo ìbọn mu. Ìwò ẹ̀yìn ìbọn gígùn ti ìdíje jẹ́ ihò kékeré tí ó súnmọ́ ojú pẹ́kípẹ́kí. Ihò náà ń ṣe iṣẹ́ tí a ṣàlàyé ní 7.0, nítorí náà àgbàlagbà a máa rí ìbọn gígùn bí ohun tí ó rọrùn fún ojú ju ìbọn ìléwọ́ lọ.

Ní ti ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́, tí a fi ń yin àwo amọ̀ tí ń fò lójú òfuurufú, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Àwo tí ń fò ni ojú ń tẹ̀lé. Kò yẹ kí ó padà sí orí ìbọn rárá. Awò ọ̀nà jíjìn gan-an, láìsí àfikún, ni ó yẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe eré méjèèjì ní láti ní awò méjì.

10.0 Ohun tí awò kò lè wò sàn

Ewu kan wà nínú pé kí ènìyàn máa fi awò tuntun lé ìṣú ojú kiri. Kì í ṣe gbogbo ìṣú ni ti lẹ́ǹsì tí ó le. Bí lẹ́ǹsì bá di funfun bí èéfín, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kátáráàtì, kò sí agbára awò tí yóò mú etí irin mú. Iṣẹ́ abẹ ni ojútùú rẹ̀, níbi tí a ó ti yọ lẹ́ǹsì náà, tí a ó sì fi ti àtọwọ́dá rọ́pò. Lẹ́ǹsì àtọwọ́dá tí ó wọ́pọ̀ kì í wú, kì í sì í rọ̀. Nítorí náà ìṣirò tí ó wà ní 5.0 ṣe wẹ́kú fún irú ojú bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni glaucoma. Ó ń pa iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, láti ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, láìsí ìrora. Ayìnbọn tí ó ń tẹjú mọ́ àárín nígbà gbogbo lè pẹ́ kí ó tó mọ̀. Àrùn yìí wọ́pọ̀ láàrin àwọn ènìyàn tí ìran wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, a sì máa tètè bẹ̀rẹ̀ lára wọn ju lára àwọn ará Yúróòpù lọ. Ohun tí ó bá ti sọnù kò ṣeé gbà padà. Èyí tí ó kù nìkan ni a lè dá dúró. Àgbàlagbà tí ó bá lọ wá awò ìbọn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a wọn ìtẹ̀ inú ẹyinjú rẹ̀, kí a sì yẹ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ wò ní ọjọ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Awò kékeré tí ó wà nínú òrùka férémù ayìnbọn kò bo gbogbo ojú, kò sì bo ojú kejì rárá. Awò pọlikábọ́nétì, tí kì í tètè fọ́, ni ó yẹ kí a lò. Níbi tí ẹlòmíràn bá sì ti ń yìnbọn nítòsí, ó yẹ kí ojú méjèèjì ní ààbò.

11.0 Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé tí ó wà lókè yìí fi hàn pé ìṣòro àgbàlagbà ayìnbọn kì í ṣe àìríran lápapọ̀. Ọ̀nà jíjìn kan ni ojú rẹ̀ kò lè dé mọ́, ọ̀nà jíjìn náà sì ni ìwò iwájú wà. Awò ọ̀nà jíjìn ń fi àfojúsùn hàn, ó sì ń gba ìwò iwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Awò ìkàwé ń gba méjèèjì. Àfikún kékeré, tí kì í sábà ju +0.50 tàbí +0.75 lọ, nínú awò olójú kan tí ó kọjú sí ibi tí ó yẹ, ni ó ń dá ìwò iwájú padà láìgba àfojúsùn pátápátá.

Yorùbá máa ń sọ pé ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Ọgbọ́n ni òwe náà ń sọ, kì í ṣe ẹyinjú. Nínú eré yìí àgbà nílò méjèèjì, èkejì sì ṣeé tún ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi, kí ó tó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọn ọ̀nà tí ó wà láàrin ojú rẹ̀ àti irin kékeré náà, kí ó sì bèèrè bóyá awò tí ó wọ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun ń wò.